Obìnrin Tó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Dúró: Ìgbésí Ayé Ìyá Olùkọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ẹbí kí yín, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí a péjọ nítorí wọn lónìí kò fẹ́ràn ariwo ẹkún. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sunkún níwájú wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi onítọ̀hún ni pé, "Ṣé o ti jẹun?" Nítorí náà, ẹbí bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọkàn balẹ̀ ka ìtàn yìí, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín bá ti yẹ.

Ọdún 1947 ni a bí olóògbé, nínú yàrá òkè kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ni ó máa ń fi àsíá àti fìtílà darí ọkọ̀ ojú irin. Ìyá wọn ń rán aṣọ lórí ẹ̀rọ elẹ́sẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ìyá tó bí ìyá wọn náà, abẹ́rẹ́ ló fi tọ́ ọmọ. Ìdílé tí kò lówó rẹpẹtẹ ni, ṣùgbọ́n ìdílé tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Olóògbé ni ọmọ kejì nínú ọmọ mẹ́rin, àwọn nìkan sì ni obìnrin.

Láti kékeré ni ìtìjú ti bo olóògbé bí aṣọ. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, abẹ́ tábìlì ìránṣọ ni wọ́n ń sá sí. Ìyá wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọmọ yìí, bó bá pàdé òjìji ara rẹ̀, á yà fún un lọ́nà." Ní 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé, ṣùgbọ́n ohùn wọn kì í kọjá ìlà ìjókòó àkọ́kọ́. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ní 1961, wọ́n sì fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ní ọdún tí wọ́n parí, ojú bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ń ṣú kò ṣeé fi darí ọkọ̀ ojú irin. Olóògbé kó ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fa àga sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìyá wọn. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n yàn láàyò. Kò pẹ́ tí ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò fi ń wọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ sí kíláàsì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nígbà náà tó ń ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Bàbá Lẹ́tà. Bàbá Lẹ́tà kò ní ìtìjú kankan, wọ́n lè bá òkúta sọ̀rọ̀ kí òkúta dáhùn. Wọ́n gbé ṣòkòtò kan wá fún àtúnṣe, wọ́n tún gbé e padà wá, wọ́n tún gbé e wá. Olóògbé wo ojú rírán náà dáadáa, wọ́n rí i pé abẹ ni ẹnìkan fi ń tú u.

"Ṣé títí ayé ni ẹ fẹ́ kí n máa tún ṣòkòtò yìí ṣe ni?"

"Bí o bá ti gbà, títí ayé ni."

Ní 1971, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin méjì jíǹkí wọn.

Ibi tí ìtàn yí padà ni ọdún 1983. Ọkùnrin ará Kòríà kan wá ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ bébà. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, a máa kọ́ àwọn ọmọdé ní táíkwọ́ńdò, eré ìjà ìlú wọn tí ẹsẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ, nínú gbọ̀ngàn kan lókè ilé búrẹ́dì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní Olùkọ́. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀" ló máa ń kí èèyàn, ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó gbé aṣọ funfun kan tó ti gbó lọ fún olóògbé pé kí wọ́n bá òun rán irú rẹ̀ fún gbogbo àwọn ọmọ. Wọ́n rán an, aṣọ náà gún régé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ṣòkòtò ti ya ní àárín itan.

Ara olóògbé kò gbà á. Wọ́n gun òkè ilé búrẹ́dì lọ láti lọ bẹ̀bẹ̀. Olùkọ́ na aṣọ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó mi orí.

"Aṣọ yìí dára fún ẹni tó fẹ́ dúró ya fọ́tò," ló wí. "Ìyá, ẹ fúnra yín wọ̀ ọ́. Ẹ ta ẹsẹ̀ sókè. Ibi tó bá ti fà yín, ibẹ̀ ni kí ẹ tún rán."

Olóògbé dúró títí àwọn ọmọ fi lọ tán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n wọ aṣọ náà, wọ́n gbé ẹsẹ̀. Ṣòkòtò ya fààà láti ìdí dé orúnkún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Olùkọ́ sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àlejò gbọ́ ẹ̀rín àwọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo aṣọ náà padà wá, pẹ̀lú ìrépé aṣọ onígun mẹ́rin tí wọ́n fi sí àárín itan kọ̀ọ̀kan kó lè gba ẹsẹ̀ láàyè. Aṣọ kan lé nínú ẹrù náà. Olùkọ́ bi wọ́n pé ta ló ni ín.

"Èmi ni," ni olóògbé wí, ohùn wọn kò ju ti kòkòrò lọ.

Báyìí ni aránṣọ abílékọ ọlọ́mọ mẹ́ta ṣe so bẹ́líìtì funfun. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, bẹ́líìtì ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń tò sí ìlà, wọn kì í wo ọjọ́ orí. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi olóògbé sí, lẹ́yìn àwọn ọmọ tí wọ́n ti rán aṣọ jòjòló fún rí. Àwọn ọmọ náà ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nílé, Bàbá Lẹ́tà sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé, "Ìyàwó mi ti di ìrẹ̀, ó ń fò kiri."

Òfin gbọ̀ngàn náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó yọ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ wọlé, o ó tẹríba, bí kò tilẹ̀ sí ẹnìkan nínú ilé. Bàtà gbọdọ̀ tò, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìta. Èékánná kò gbọdọ̀ gùn. Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi pè é. Ẹni tó bá fi ohun tó kọ́ lu ọmọ ẹlòmíràn ní pópó, kó bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ ilé. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á ka ẹ̀jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: ìwà ọmọlúàbí, òtítọ́, ìfaradà, ìkóra-ẹni-níjàánu, àti ẹ̀mí tí kì í juwọ́ sílẹ̀. Kò sí èyí tó ṣòro fún olóògbé nínú gbogbo rẹ̀. Ohun kan péré ló borí wọn, igbe ni.

Nínú táíkwọ́ńdò, bí ẹsẹ̀ bá ti jáde, igbe gbọdọ̀ bá a jáde láti inú ikùn wá. Olóògbé kò lè ké. Nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n ta gbogbo ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ, ohun tó sì ti ẹnu wọn jáde dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sín sínú ìrọ̀rí. Olùkọ́ kò fún wọn ní bẹ́líìtì tuntun.

"Ẹsẹ̀ yín wà níbí," ló wí. "Ẹ̀yin fúnra yín dà?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí ibi tí wọ́n dàgbà sí. Wọ́n ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, tí ariwo rẹ̀ bo gbogbo ayé, wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á ké. Aládùúgbò kan sáré lọ bá Bàbá Lẹ́tà: "Ẹ gbà wá o, ìyàwó yín ń bá ọkọ̀ ojú irin jà!" Bàbá Lẹ́tà dáhùn pé, "Ẹ bá mi kí ọkọ̀ náà kú ewu."

Nígbà ìdánwò kejì, igbe tó jáde mi gíláàsì fèrèsé. Oníbúrẹ́dì sáré gun òkè wá láti ìsàlẹ̀, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀. "Ta ni ẹ ń pa?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Olóògbé, tí ì bá ti sá sábẹ́ tábìlì láyé ọjọ́sí, tẹríba fún oníbúrẹ́dì, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, èmi ni." Ní 1991, Olùkọ́ so bẹ́líìtì dúdú mọ́ wọn nídìí.

Ní 1994, ìyá tó bí Olùkọ́ ń ṣàìsàn ní Kòríà, ó sì di dandan kó padà sílé. Ta ni yóò jogún gbọ̀ngàn? Gbogbo ojú wà lára ọkùnrin alágbára kan tí a ń pè ní Àpáta, nítorí kò sí pátákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè fọ́. Níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, Olùkọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lé olóògbé lọ́wọ́. Àpáta kò lè mú un mọ́ra.

"Olùkọ́, ṣé aránṣọ ni ká máa tẹríba fún?"

"Ìwọ lè fọ́ pátákó," ni Olùkọ́ dá a lóhùn. "Àwọn lè kọ́ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń fi sílẹ̀, kì í ṣe pátákó."

Àpáta bínú lọ. Kò pẹ́, ó ya ilé kan ní òdìkejì òpópónà, ó sì gbé pátákó ìpolówó síta pé bẹ́líìtì dúdú yóò dé ìdí ọmọ láàárín ọdún kan. Lọ́dọ̀ olóògbé, ó lè gba ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn kò sì ní dé ibẹ̀ láéláé. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmá, ọmọ mi ṣì wà ní bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé. Ọmọ ẹnì kejì mi lódìkejì ti fẹ́ dé dúdú." Èsì kan náà ni olóògbé ń fún gbogbo wọn: "Bó bá wù ú, ẹ jẹ́ kó lọ. Ilẹ̀kùn kò ní tì." Wọ́n sì ń lọ.

Nígbà tó di 1996, ó ku ìlà kan ṣoṣo, ìlà náà kò sì kún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olóògbé dé ilé, wọ́n jókòó láìbọ́ bàtà. Bàbá Lẹ́tà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, bi wọ́n pé kí ló dé.

"Mo rò pé Olùkọ́ ṣi ènìyàn yàn," ni olóògbé wí. "Mò ń kọ́ ààyè òfìfo."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ tò tán, Bàbá Lẹ́tà wọlé, wọ́n tẹríba lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ dúró ní ìparí ìlà pẹ̀lú ikùn ńlá wọn. Olóògbé rò pé àwàdà ni.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá kọ́ ẹ̀kọ́. Ìlà rẹ kò ní ṣófo níṣojú mi."

"Nínú ilé yìí, 'ẹ' ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀."

Bàbá Lẹ́tà tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. "Ìlà yín kò ní ṣófo níṣojú mi, mà." Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọ́n ń sọ ọ́ kiri àdúgbò pé, "Mo ti pe ìyàwó mi ní 'ẹ', ẹnu mi kò sì bó."

Nígbà tí ìdánwò bẹ́líìtì òféèfèé dé, Bàbá Lẹ́tà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àtijọ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó. Àwọn èèyàn náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, wọ́n gbàgbé ìgbésẹ̀ tó kàn. Wọ́n fò ó, wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ bò ó, wọ́n tẹríba bí ọba tó ń kí ìlú. Bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Olóògbé dúró títí àtẹ́wọ́ fi rọlẹ̀.

"Ẹ kò tíì yege," ni wọ́n wí. "Ẹ padà sí ìlà."

Nílé, Bàbá Lẹ́tà ń jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Níwájú àwọn ará ọ́fíìsì mi?"

"Níwájú wọn."

"Èmi ọkọ rẹ?"

"Bí mo bá so bẹ́líìtì mọ́ yín nídìí nítorí pé ẹ jẹ́ ọkọ mi, ta ni yóò gba èyí tí mo so mọ́ ọmọ ẹlòmíràn gbọ́? Ẹ̀yin gan-an, ṣé ẹ máa gbà á gbọ́?"

Bàbá Lẹ́tà dìde lọ sí yàrá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá, wọn kò débi gbọ̀ngàn. Olóògbé sọ fún ọmọbìnrin wọn pé, "Mo ṣe ohun tó tọ́, inú mi kò sì dùn rárá." Wọn kò bẹ Bàbá Lẹ́tà, wọn kò sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọ́n ń bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n ń kí wọn, wọ́n sì ń fọ aṣọ funfun ọkọ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń ká a sórí àga.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aṣọ náà kò sí lórí àga mọ́. Nígbà tí olóògbé dé gbọ̀ngàn, ọkọ wọn ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Lẹ́tà nà ró, wọ́n tẹríba.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Olùkọ́, ẹsẹ̀ òsì ni mo gbàgbé àbí ọ̀tún?"

"Òsì ni."

Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kò sí ẹni tó pe olóògbé ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé àwọn akólẹ́tà kì í fi ìròyìn pamọ́. Àwọn ará bẹ́ǹṣì náà gbé ọ̀rọ̀ yìí láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú lẹ́tà: obìnrin kan wà lókè ilé búrẹ́dì tó jẹ́ kí ọkọ ara rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ìyá kan kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ padà wá, ó ní, "Ẹni tí kò ṣe ojúsàájú fún ọkọ, kò ní tan ọmọ mi jẹ." Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kí ọdún tó yí po, ìlà ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní láti máa kọ́ni ní ìpín méjì.

Ní 2001, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àpáta lọ sí ìdíje, tí bẹ́líìtì dúdú wọn kò sì gbà wọ́n, Àpáta fúnra rẹ̀ gun òkè wá. Bẹ́líìtì funfun ló mú lọ́wọ́, ó ní òun ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìyá Olùkọ́ wo bẹ́líìtì náà.

"Fi ìyẹn pamọ́. Èyí tí Olùkọ́ so mọ́ ọ nídìí dà?"

"Ó wà nílé, mà."

"Lọ mú un wá. Ó tọ́ sí ọ nígbà tó so ó, ó ṣì tọ́ sí ọ. Iwájú ni ààyè rẹ."

Àpáta sunkún lórí àtẹ̀gùn ilé búrẹ́dì. Ìyá Olùkọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe igbákejì wọn, ó sì wà lára àwọn tó gbé pósí wọn lé èjìká lónìí.

Nínú ìgbàgbọ́, ẹni tó dúró ṣinṣin ni Ìyá Olùkọ́. Wọn kì í gbàdúrà gígùn. Wọ́n máa ń sọ pé Ọlọ́run kò di etí. Ní ilé ìjọsìn, wọ́n rí i pé àwọn àgbà obìnrin ń ṣubú, egungun ìbàdí sì ń kán. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣubú: ẹ gba àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ yí bí bọ́ọ̀lù, ẹ má fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ mú. Ìyá àgbà kan yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ó yí, ó dìde, ó sì tẹríba fún àwọn dókítà. Títí di òní, àwọn ìyá wọ̀nyí ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ìṣubúre.

Bàbá Lẹ́tà gba bẹ́líìtì òféèfèé, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà pupa. Wọn kò dé dúdú. Nígbà tí wọ́n sùn nínú Olúwa ní 2013, wọ́n ti ń fi yangàn pé àwọn nìkan ni ọkùnrin ládùúgbò tó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ rò nípa rẹ̀ gan-an. Ìyá Olùkọ́ ṣọ̀fọ̀ wọn pẹ́. Wọ́n fi ààyè kan sílẹ̀ ní ìlà fún ọdún kan gbáko, kò sì sí ọmọ tó bọ́ síbẹ̀.

Ní 2018, wọ́n gbé gbọ̀ngàn lé ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ wọn kó tó gba bẹ́líìtì dúdú. Wọ́n ń lọ jókòó wo àwọn ọmọ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹ̀kọ́ parí, gbogbo ìlà yí ojú sí àga wọn, wọ́n sì tẹríba. Dókítà ti ní kí wọ́n má máa dìde láìnídìí. Ìyá Olùkọ́ di apá àga mú, wọ́n dìde.

"Màmá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ wọn wí.

"Ìdúró ni wọ́n fi kí mi. Ṣé ìjókòó ni kí n fi dá wọn lóhùn?"

Wọ́n tẹríba padà fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì pẹ́ nínú ìtẹríba náà jù wọ́n lọ. Wọ́n wá sílé, wọ́n ní kí a ṣí fèrèsé, wọ́n sùn. Wọn kò jí sí ayé yìí mọ́.

Wọ́n fi àwọn wọ̀nyí sáyé: ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ olórí gbọ̀ngàn, ọmọkùnrin wọn tó ń tún ẹ̀rọ amúǹkan-tutù ṣe, àbíkẹ́yìn wọn tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, àbúrò wọn ọkùnrin tó ṣẹ́kù, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n fẹ́ràn bí ọmọ, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró, tó ń ṣubú, tó tún ń dìde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò ṣeé kà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín, ọ̀kan lè jókòó tì yín.

Ìyá Olùkọ́, ẹ ti ká aṣọ funfun, ẹ ti gbálẹ̀, ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tọ́. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lẹ́yìn. Kí Ọlọ́run tó ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pè yín sí iwájú. Gbogbo wa ti tò, gbogbo wa tẹríba.

Ẹ sùn re o.